Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ajórin Tó Fẹ́ Fi Géètì Sílẹ̀ Láti Di Oníṣẹ́ Ọnà

Ìbéèrè:

Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajórin ni mí ní àdúgbò Arákale níbí ní Àkúrẹ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ṣe fìríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Géètì, irin ojú fèrèsé, irin àtẹ̀gùn àti ẹsẹ̀ táǹkì omi ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, n kò sì lè sọ pé iṣẹ́ náà kò gbè mí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń kó irin àlòkù jọ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ṣéènì ọ̀kadà, bíárì àti ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, tí mo sì ń fi wọ́n jó ẹyẹ, ìjàpá àti ìyá tó ru igbá. Oníbàárà kan tó wá gba géètì rẹ̀ rí ọ̀kan, ó bẹ̀ mí títí mo fi tà á fún un ní iye tí kò tó owó ẹlẹ́kitiróòdù tí mo lò. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti sí lára géètì mọ́. Mo fẹ́ pa iṣẹ́ géètì tì pátápátá, kí n di oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n má fi ọwọ́ ara mi da oúnjẹ nù. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ọmọ mi kan tó wà ní yunifásítì sì sọ pé ẹni tí kò bá kàwé nípa ọnà, iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni wọn yóò máa pe tirẹ̀. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ṣé kò ti pẹ́ jù? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ajórin Arákale, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn:

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Asiru Olatunde ará Òṣogbo, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1918, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ìdí àgbẹ̀dẹ ló sì dàgbà sí. Àìlera ló mú kí ó fi iṣẹ́ agbára náà sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn nǹkan ẹ̀ṣọ́ kéékèèké. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí Ulli Beier, òyìnbó tó ń gbé iṣẹ́ ọnà Òṣogbo lárugẹ, àti Susanne Wenger tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì gbà á níyànjú, ó ti kọjá ẹni ogójì ọdún. Bàbà pẹlẹbẹ ló ń tẹ́ sílẹ̀, tí yóò fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó máa lu àwòrán sí i lára díẹ̀díẹ̀: igi kan á yọ, ẹyẹ á bà sórí ẹ̀ka rẹ̀, ẹranko á dúró lábẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn á tò yí i ká, títí ojú bàbà náà yóò fi kún tí kò ní sí àlàfo mọ́. Nígbà tó yá, ó tún ń lo alumíníọ̀mù. Títí ó fi di olóògbé ní ọdún 1993, kò padà sídìí ọkọ́ àti àdá rírọ. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó mú kúrò ní àgbẹ̀dẹ àti ohun tó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó mú òòlù, ó mú ọwọ́ tó mọ ìgbà tí irin fẹ́ ya. Ohun tó fi sílẹ̀ ni jíjókòó de ẹni tí yóò wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Adebisi Akanji náà, tí ère rẹ̀ pọ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, bíríkìlà ni tẹ́lẹ̀, símẹ́ǹtì tó fi ń mọlé náà ló sì fi ń mọ ère.

Ohun tó ya iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe sọ́tọ̀ sí èyí tí ẹ fẹ́ ṣe kò sí lọ́wọ́ yín rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ló wà. Oníbàárà yín a máa gbé fóònù wá, á fi géètì kan tó rí ní Alágbàká hàn yín, á ní irú rẹ̀ gan-an ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ bá òun fi orí kìnnìún sí àárín. Láti ibẹ̀, ìwọ̀n, iye owó àti ọjọ́ tí yóò gbà ló kù. Kò sí ẹni tí yóò gbé fóònù wá fún ère. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì mọ ìgbà tó parí, láìsí ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí a gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọwọ́ wọn dá múṣémúṣé, ibí yìí ni nǹkan ti ń sú wọn.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní pọ́n yín lé lórí ẹyẹ, ìjàpá àti ìyá tó ru igbá. Mo gbà pé ẹ jó wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ títì kún fún irú wọn, ẹni tó bá sì rà wọ́n, ìjàpá ló rà, kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ wo ohun tí ẹ̀yin mọ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Láti ogún ọdún sẹ́yìn ni ẹ ti ń bá àwọn ará Àkúrẹ́ tilẹ̀kùn. Ẹ rántí bí géètì ṣe mọ níwọ̀n nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ń kọjá lọ lè kí onílé tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ga tó báyìí, tí páànù dí gbogbo ojú rẹ̀ pa, tí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sì tò sórí rẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó ní kí ẹ fi irin sí fèrèsé ilé ìwẹ̀ pàápàá, ẹ mọ ẹni tó sáré padà wá lọ́jọ́ kejì tí olè jà á. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ènìyàn ìlú yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ̀ ọ́n ju àwọn ọlọ́pàá lọ. Bí ẹ bá lè fi irin sọ ìyẹn, tiyín ni yóò jẹ́. N kò sọ pé dandan ni. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ Ògún ni ọkàn yín fà sí, tàbí àwọn ọmọṣẹ́ tó ti ṣe fìríìdọ̀mù lọ́dọ̀ yín tí ẹ kò gbúròó wọn mọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ dúró tì í. Ẹ ṣe tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn, nítorí nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, ohun tí ẹ ti rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa jáde. El Anatsui, ọmọ Gánà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Nsukka ní ọdún 1975, ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún lórí fífi wáyà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀, kò sì tíì sú u. Ní ọdún 2015 ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà níbi ìpàtẹ ọnà ńlá ti Venice ní Ítálì fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé irin àlòkù kò ní iyì, ẹ sọ ti Olu Amoda fún un, tí wọ́n bí ní Warri ní ọdún 1959, tó ń jó irin di ère, tí òun àti ẹnìkan jọ gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbi ìpàtẹ ńlá ti Dakar ní ọdún 2014.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọmọ yín, Ìkéré kò jìnnà sí yín, ojú ọ̀nà Adó ni. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, kò jókòó ní kíláàsì ọnà kankan. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkéré, tí àwọn ènìyàn ara rẹ̀ yọ síta débi pé òjìji wọn ń hàn lára igi tó wà lẹ́yìn wọn, ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Kábíyèsí ló bẹ Ọlọ́wẹ̀ níṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà ṣe ń bẹ̀ yín, síbẹ̀ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè rí ilẹ̀kùn náà kí ó rò pé ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí oníbàárà kan bá wà tó fi ọkàn tán yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ ṣe géètì kan ṣoṣo bí ẹ̀yin ṣe fẹ́. Odi gíga tí àwọn kan mọ sáàárín ọnà àti iṣẹ́ ọwọ́, n kò rò pé àwọn baba wa ló mọ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ọmọ yín kò jẹ̀bi tán. Ilé-ìwé máa ń fún ènìyàn ní ohun mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀bù kì í fún un: ìwé àwòrán tí a ń kọ́kọ́ ya nǹkan sí, ìtàn àwọn tó ti ṣe é ṣáájú, àti ẹlẹgbẹ́ tó lè wo iṣẹ́ ẹni lójú kó sọ pé kò dára. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé yá lò. Yunifásítì FUTA tó wà ní Àkúrẹ́ yín níbẹ̀ ní ẹ̀ka Industrial Design, ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà sì wà ní Yunifásítì Adéyẹmí ní Oǹdó. Ẹ bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́, ẹ lọ síbi ìpàtẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ẹ pè wọ́n wá wo tiyín. Ó ṣeé ṣe kí àwọn náà máa wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ wọn bí a ti ń di iná mú.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìdí iṣẹ́ gan-an. Bí ẹ bá jó géètì tán, ẹ̀rọ ìlọrin ni ẹ máa ń gbé sí ojú ìjórin títí yóò fi tẹ́jú, ẹ ó fi ọ̀dà pupa sábẹ́, ẹ ó fi dúdú lé e, kí oníbàárà má baà mọ ibi tí irin méjì ti pàdé. Ó ti mọ́ yín lára, nítorí náà ọwọ́ yín yóò fẹ́ lọ ojú ère náà láìrò ó. Ẹ dá a dúró. Ẹ gbé iṣẹ́ tí ẹ kò tíì lọ̀ síta ní àárọ̀, nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí ẹ wo ojú ìjórin náà bó ṣe gun ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, ibi tí ọwọ́ yín ti yára, ibi tó ti dúró tí irin fi yọ́ jù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pinnu èyí tí yóò hàn àti èyí tí yóò parẹ́. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má kun ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Bí àwọ̀ irin tó dógùn-ún bá wù yín, ẹ jẹ́ kí ó dógùn-ún, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọn èyí tó ti ṣí kúrò, kí ẹ fi fáníìṣì tí kò láwọ̀ tàbí ìda bò ó. Ère tí inú rẹ̀ bá ṣófo, ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde, nítorí òjò Àkúrẹ́ kò ní wojú ẹnikẹ́ni.

Irin àlòkù tún ní ewu tí irin tuntun kò ní. Páànù àti páìpù tí wọ́n fi síńkì bò máa ń tú èéfín funfun jáde bí iná bá kàn wọ́n, èéfín yìí ló sì ń fa ibà àti òtútù tó máa ń mú ajórin ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí ọ̀pọ̀ yóò ní ibà ẹ̀fọn ni. Mílíìkì tí ẹ̀yin ajórin máa ń mu sí i, n kò gba adùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kì í dá èéfín dúró. Ẹ lọ síńkì náà kúrò lójú ibi tí ẹ fẹ́ jó, ẹ ṣiṣẹ́ ní gbangba, kí ẹ sì lo ìbòmú tí wọ́n ṣe fún èéfín, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún eruku. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ní ó ti kú, gáàsì àti epo lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbé iná sí i nígbà tó ṣì dí pa, ó lè bú gbàmù.

Lórí oúnjẹ, ìyàwó yín ló tọ́. Ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ fi iṣẹ́ géètì lé ọmọṣẹ́ tó dàgbà jù lọ́wọ́, kí ẹ yọ ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ fún ère, kí ó jẹ́ ọjọ́ kan náà ní gbogbo ìgbà, kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ ọjà. Ẹ wá àyè ọ̀tọ̀ fún un, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ère tó bá sùn sáàárín irin géètì, ọmọṣẹ́ kan yóò gé e fi ṣe ìdè ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí irin bá tán. Ìgbà tí owó ère bá ti bọ́ ilé fún ọdún kan gbáko ni kí ẹ tó tún bi ara yín léèrè bóyá ẹ ó fi géètì sílẹ̀.

Iye tí ẹ ta ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má tún tà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ṣírò ẹlẹ́kitiróòdù, iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣírò ohun tí ẹ̀ bá rí lórí géètì láàárín ọjọ́ tí ère náà gbà; ìpìlẹ̀ nìyẹn, owó ọnà fúnra rẹ̀ yóò wá gun orí rẹ̀. Àwọn gálárì, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń pàtẹ ọnà tí wọ́n sì ń tà á, a máa mú tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, òmíràn a máa mú ìdajì, nínú iye tí wọ́n bá tà á. Ó lè dùn yín, ṣùgbọ́n àwọn ló ń wá olùrà, ẹ má sì ta èyí tó jọ ọ́ ní ìdajì owó níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ni wọn yóò da gbogbo tiyín padà. Kí ère kankan tó jáde nílé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fi iná kọ orúkọ yín àti ọdún sí ìdí rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022 fi ẹ̀tọ́ náà sọ́wọ́ ẹni tó dá iṣẹ́ náà ní gbogbo ayé rẹ̀, ó sì fi 70 ọdún lé e lẹ́yìn ikú rẹ̀ fún àwọn àrólé. Ẹni tó ra ère kò ra àṣẹ láti máa ṣe irú rẹ̀ tà, àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé fún un. Bí olùrà bá sì fẹ́ gbé e lọ sí òkè òkun, kí ó lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bí ère náà tilẹ̀ jẹ́ tuntun, kí wọ́n má baà dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú.

Ibi kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ dé. Bruce Onobrakpeya, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà tó ṣe olùkọ́ ní Ondo Boys' High School fún bí ọdún kan kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọnà ní Zaria ní ọdún 1957, dá ìpàdé ọlọ́dọọdún kan sílẹ̀ ní Agbarha-Otor ní ìpínlẹ̀ Delta ní ọdún 1998, Harmattan Workshop ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó kàwé ọnà àti ẹni tí kò kà á jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ní ti àwọn ọmọṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sáà ti máa bá yín gé irin.

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Lísà, Oǹdó. Mo ń fi àjákù àǹkárá, léèsì àti àdìrẹ rán àwòrán, mo sì ti gbé mẹ́ta kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bèèrè bóyá aṣọ ibùsùn ni. Kí ni kí n ṣe tí wọn yóò fi mọ̀ pé àwòrán ni? Ṣé kí n fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ ni?

Ìdáhùn:

Arábìnrin wa, ẹ má bínú sí wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rò nìyẹn bí ó bá rí aṣọ lára ògiri aránṣọ. Ẹ mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò láàárín aṣọ oníbàárà, kí ẹ ní kí káfíńtà kan igi onígun mẹ́rin fún yín, kí ẹ na àwòrán náà sórí rẹ̀ títí yóò fi le, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tí nǹkan mìíràn kò sí, kí àárín rẹ̀ ṣe déédéé ojú ẹni tó dúró. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ sọ ọ́ àti ọdún tí ẹ rán an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jimoh Buraimoh ará Òṣogbo, tó jẹ́ oníná nínú ẹgbẹ́ tíátà Duro Ladipo, ìlẹ̀kẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ adé ọba ló lẹ̀ mọ́ pátákó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí àwòrán.

Ẹ má fi ìránṣọ sílẹ̀. Bí náírà 20 bá wà nítòsí yín, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: Ladi Kwali ni amọ̀kòkò tó wà níbẹ̀. Ìkòkò omi ló ń mọ ní Kwali kí ó tó dara pọ̀ mọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tó wà ní Abuja ìgbà náà, tí a ń pè ní Suleja báyìí, ní ọdún 1954. Alángbá, àkeekèé àti ẹja tó máa ń fín sára ìkòkò omi ló ń fín lọ sára àwọn tí wọ́n pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Kò pààrọ̀ ọwọ́. Ṣọ́ọ̀bù yín ni àjákù yín ti ń wá, àjákù kọ̀ọ̀kan ló sì ti òde kan bọ̀ ní Oǹdó. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán pé aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ta ni èyí, ìsìnkú ìyá ta ni tọ̀hún, mo rò pé ẹ ó rí ọ̀rọ̀ tí àwòrán yín ń wá níbẹ̀.

Àdìrẹ aláró tuntun ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kí ẹ tó rán an mọ́ léèsì funfun, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ohunkóhun tí abẹ́rẹ́ lè mú, nítorí yóò pọ́n bó bá yá, kí ẹ sì fi igi tín-ín-rín sáàárín ẹ̀yìn àwòrán àti ògiri kí ọ̀rinrin má baà rí i mú. Oòrùn ọ̀sán tó ń gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọlé kò gbọdọ̀ kàn án rárá.